Ṣé itọ́ ẹnu lè gba ipò ẹ̀jẹ̀ nínú àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ?

Ó ti pẹ́ tí irú ìròyìn yìí ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn: "Ẹ má gún ìka mọ́ o! Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé itọ́ ẹnu lásán lè sọ bí ṣúgà yín ṣe wà." Ẹnì kan á fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹbí á fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màmá kan ti ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá kí òun ṣì ra sítírípù tuntun sí mítà òun, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ ìka, àbí kí òun dúró de ti itọ́.

Màmá, ẹ ra sítírípù. Ìròyìn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n pò mọ́ra nínú rẹ̀. Ìwádìí wà lóòótọ́ lórí àwọn purotéènì tó wà nínú itọ́. Ìwádìí mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣúgà inú itọ́ gan-an ló ń wá. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọlọ́jà tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú itọ́, tí wọ́n kàn ń ta aago àti òrùka fún ẹni tí ìka ti sú. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Màá sì sọ ibi tí mo rò pé itọ́ máa wúlò jù, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni ariwo wà.

Kí là ń wá tí a fi ń gún ìka?

Iṣu, ìrẹsì, ẹ̀bà, búrẹ́dì: bí a bá ti gbé wọn mì, ara á sọ wọ́n di ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní glúkóòsì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e káàkiri. Ínsúlíìnì ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lè wọ inú ẹran ara lọ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ínsúlíìnì rẹ̀ kò tó, tàbí tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣúgà á máa kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun là ń pè ní àtọ̀gbẹ.

Bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL nínú ẹ̀jẹ̀ (òṣùwọ̀n yìí náà ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí màá dá níhìn-ín), kíndìnrín kò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà mọ́, á máa bá ìtọ̀ jáde. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń rí èèrà níbi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí. Ní ọdún 1776, dókítà kan ní Liverpool, Matthew Dobson, gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán. Ohun funfun tó ṣẹ́kù, ó tọ́ ọ wò, ṣúgà ni. Nítorí náà, ká wá àtọ̀gbẹ láìfi abẹ́rẹ́ kan ara kì í ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 150 kò ní rí èèrà kankan, bẹ́ẹ̀ ni 150 kí ènìyàn tó jẹun àárọ̀ ti pọ̀ jù. Ìtọ̀ tí a sì tọ̀ lówùúrọ̀, ti gbogbo òru ló ń sọ, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú yìí.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ borí. Ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà wà, ẹ̀jẹ̀ la sì bi léèrè. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì jẹun láti alẹ́, máa ń wà láàárín 70 sí 99. Bí láàbù bá rí 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, dókítà á pè é ní àtọ̀gbẹ. Ìsàlẹ̀ 70 náà léwu. Òógùn á bo ènìyàn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú, bí wọn ò bá sì tètè fún un ní ohun dídùn, ó lè dákú.

Ẹni tó ń gún ínsúlíìnì, nọ́ńbà orí mítà ló ń wò kó tó mọ iye tó máa gún. Ìdí nìyẹn tí ISO, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, fi ní ìlànà yìí fún àwọn tó ń ṣe mítà láti ọdún 2013: bí ṣúgà bá ti tó 100 sókè, nínú ìgbà 100 tí mítà bá sọ̀rọ̀, ó kéré tán ìgbà 95 kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 15 nínú 100 lọ yàtọ̀ sí ohun tí láàbù rí. Ohunkóhun tó bá fẹ́ lé mítà kúrò lórí tábìlì, òṣùwọ̀n tó máa bá lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn.

Kí ló wà nínú itọ́?

Omi ló pọ̀ jù. Nínú itọ́ 100, ó lé ní 99 tó jẹ́ omi lásán. Abẹ́ etí, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n ni àwọn orísun ńláńlá tó ń sun ún wà, ara ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá lẹ́bàá wọn ni wọ́n sì ti ń fa omi náà. Láàárín ọjọ́ kan, itọ́ tí ènìyàn ń sun lè tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀. A kì í mọ̀, nítorí à ń gbé e mì.

Ìwọ̀nba tó kù lẹ́yìn omi ló ń dá àwọn olùwádìí lọ́rùn. Iyọ̀ wà níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí wà níbẹ̀, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti kú, ìyókù oúnjẹ, àti oríṣi purotéènì tó lé ní 2,000.

Purotéènì tí mò ń wí kì í ṣe ti ẹran àti ẹ̀wà inú abọ́ nìkan. Ara fúnra rẹ̀ ń kọ́ purotéènì, oríṣiríṣi, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ tirẹ̀. Amylase jẹ́ ọ̀kan. Ẹ fi búrẹ́dì tí kò ládùn sẹ́nu, kí ẹ máa rún un láìgbé e mì, láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Amylase ló ń fọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ di ṣúgà yẹn, níwájú yín, lórí ahọ́n. Àwọn mìíràn ń pa kòkòrò, àwọn mìíràn ń jẹ́ kí oúnjẹ yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Àwọn kan sì wà tí kì í ṣe ọmọ ẹnu rárá: inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti wá, wọ́n jò wọlé láti ojú ààlà tó wà láàárín eyín àti ẹran ìdí eyín. Àwọn àjèjì wọ̀nyí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣúgà inú itọ́ ni, àbí purotéènì inú itọ́?

Ibí ni ìròyìn ti ń dàrú. Iṣẹ́ méjì ni, àwọn tó ń ṣe wọ́n yàtọ̀, ìbéèrè wọn náà yàtọ̀.

Àwọn kan ń wá glúkóòsì fúnra rẹ̀ nínú itọ́. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó nǹkan: nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ní Yunifásítì Newcastle ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Dastoor ṣe sítírípù kan tí wọ́n fi ohun tó ń mọ glúkóòsì sínú rẹ̀, tó ń sọ ìwọ̀nba kékeré yẹn di iná mànàmáná kó lè hàn lórí ẹ̀rọ. Ariwo rẹ̀ kárí ayé ní ọdún 2021, òun náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ gbọ́ fìrìfìrì.

Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹnu ló jẹ́ ibi tó ṣòroó wádìí ṣúgà. Ẹni tó mu ẹ̀kọ tán, tó jẹ dòdò tán, ṣúgà oúnjẹ á pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ó bá sì dúró pẹ́, àwọn kòkòrò ẹnu á ti jẹ nínú èyí tó yẹ kí wọ́n wọ̀n. Bí ohun tí à ń wá bá kéré tó bẹ́ẹ̀, èérí díẹ̀ á dà á rú.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì, àwọn onípurotéènì, kò tilẹ̀ wá glúkóòsì. Ohun tí ṣúgà ti ṣe sí ara ni wọ́n ń wá.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí wọ́n ń fi omi ẹnu ṣàyẹ̀wò HIV ní Nàìjíríà ńbí, kí ló dé tí ti ṣúgà fi le?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni. OraQuick tí wọ́n ń nu mọ́ ẹran ìdí eyín ń wá àwọn ọmọ ogun tí ara kọ́ láti bá HIV jà. Ó wà tàbí kò sí ni ìdáhùn. Ti ṣúgà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo wa la ní ṣúgà, èló ni ìbéèrè. Ẹ̀rọ tó lè sọ "ó wà" pọ̀ nílẹ̀. Èyí tó lè sọ 110 kó má ṣe é ṣì sí 160, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Àpò ìdí ni, àbí káàdì alájọ?

Ẹ ronú kan ìyá aláta kan lọ́jà tó ń dá àjọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń wọlé fún un, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ní kó tú àpò ìdí rẹ̀ wò nísinsìnyí. Iye tó bá wà níbẹ̀ ni ẹ ó rí, ṣùgbọ́n àpò tó kún lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà lè gbẹ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà kejì, ẹ gba káàdì alájọ rẹ̀. Ibi tó dá, alájọ ti sàmì sí i, ibi tó pa jẹ, ó ṣófo. Káàdì náà kò lè sọ iye tó wà lápò lọ́wọ́lọ́wọ́. Àpò náà kò sì lè sọ bí oṣù tó kọjá ṣe rí.

Mítà ni àpò ìdí. Káàdì wà pẹ̀lú, ó ti wà tipẹ́: A1C ni wọ́n ń pè é. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri, purotéènì ni. Bí ṣúgà bá pọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọn, kì í sì í ṣí mọ́ títí sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kékeré inú ẹ̀jẹ̀ tó gbé e, fi kú. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Láàbù á wo iye tó ti ní ṣúgà lára nínú 100, wọ́n á sì mọ bí oṣù méjì sí mẹ́ta ṣe rí. Ìsàlẹ̀ 5.7 dára, 6.5 sókè jẹ́ àtọ̀gbẹ, àárín wọn jẹ́ ìkìlọ̀. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù á rí 48 lórí ìwé tiwọn dípò 6.5. Ohun kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Àwọn dókítà fẹ́ràn A1C nítorí ẹni tó ṣọ́ ẹnu fún ọjọ́ méjì péré kó tó wá sí ilé ìwòsàn kò lè fi tàn án jẹ.

Kì í ṣe ohun pupa yẹn nìkan ni ṣúgà ń lẹ̀ mọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì mìíràn nínú omi ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní fructosamine ló ń ka ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló sì ń sọ. Ẹ rí i pé ọgbọ́n kan náà ni. Bí a bá wá rántí pé àwọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ ń jò wọ inú ẹnu, pé àwọn orísun itọ́ fúnra wọn sì ń yí iṣẹ́ wọn padà bí ṣúgà bá ń dà wọ́n láàmú, ìbéèrè àwọn olùwádìí á yé wa: ṣé a lè ka káàdì náà láti ẹnu?

Káàdì ni wọ́n ń wí. Wọn ò sọ pé itọ́ máa sọ ṣúgà yín nísinsìnyí. Ìròyìn orí fóònù ló gbé iṣẹ́ àpò ìdí fún un.

Kí ni wọ́n rí ní Hyderabad àti Oregon?

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí jáde ní ọdún 2009. Dókítà Paturi V. Rao ti ilé ìwòsàn Nizam's ní Hyderabad, ní Íńdíà, àti Srinivasa Nagalla ti Yunifásítì Ìlera àti Sáyẹ́ǹsì ti Oregon ní Amẹ́ríkà ló wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n gba itọ́ àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ, ti àwọn tó ti ń rìn sí etí rẹ̀, àti ti àwọn tó ní oríṣi kejì, èyí tó máa ń bá àgbàlagbà jù.

Bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ládùn. Wọn kì í ní kí ènìyàn há, kí ó sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹni náà á jókòó, á tẹ orí ba, á jẹ́ kí itọ́ máa ṣàn jẹ́jẹ́ sínú ike kékeré kan fúnra rẹ̀, láìjẹun, láìmu nǹkan kan ṣáájú. Orí yìnyín ni ike náà ń lọ kíákíá, nítorí àwọn ohun kan wà nínú itọ́ tó ń jẹ purotéènì. Bí ó bá pẹ́ nínú ooru, ohun tí wọ́n fẹ́ kà ti ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i bírí kí pàǹtírí lè lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á gé àwọn purotéènì sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì gbé wọn sínú ẹ̀rọ kan tó ń wọn bí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, torí ìwúwo ló ń tú àṣírí orúkọ.

Wọ́n ka oríṣi purotéènì 487. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí pé ó wà nínú itọ́. Nínú 487 yẹn, 65 ló yàtọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tí kò ní. Púpọ̀ nínú 65 náà ló jẹ́ ti ìlò oúnjẹ nínú ara àti ti ìjà ara pẹ̀lú àrùn. Ọ̀kan tó ń jẹ́ alpha-2-macroglobulin wà lára wọn. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Chile tún wo òun nìkan, wọ́n sì rí i pé bí àtọ̀gbẹ ènìyàn bá ṣe ń le láti kápá sí, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì yìí ṣe ń pọ̀ nínú itọ́ rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àmì wà lórí káàdì náà, ó sì ṣeé rí. Kò túmọ̀ sí pé a ti mọ̀ ọ́n kà bíi ti A1C. Láti rí ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì kò le tó kí ènìyàn kan ṣoṣo wọlé, kí ẹ wo itọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé, "Bàbá, ti yín ti bàjẹ́ ju ti oṣù tó kọjá lọ." Kí orí mi má parọ́, ìròyìn kì í sábà sọ ìyàtọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Kí ló dé tí kò tíì sí ní kẹ́místì?

Ẹnu kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kó má yí padà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ itọ́. Ó ń ṣàn díẹ̀ lóru, ó ń ya nígbà tí a bá gbóòórùn ọbẹ̀. Bí omi bá dínkù nínú rẹ̀, purotéènì á dà bí èyí tó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ń mú ẹnu gbẹ. Àwọn oògùn kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń mú un gbẹ, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ̀kan ló sì ní èkejì.

Èyí tó le jù ni ìdí eyín. Àtọ̀gbẹ ń jẹ́ kí ẹran ìdí eyín wú, kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí eyín tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà sì ń jẹ́ kí ṣúgà le láti kápá. Àwọn méjèèjì ń fa ara wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹran ìdí eyín bá ṣẹ̀jẹ̀, àwọn purotéènì ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú itọ́, alpha-2-macroglobulin á wà lára wọn. Ẹni tó fi pákò rin eyín kíkankíkan láàárọ̀ yìí, tó wá lọ tutọ́ sínú ike, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè wà nínú itọ́ rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá wá sọ pé nǹkan ń ṣe é, kí ni ká gbà? Ṣé ṣúgà ni, àbí ìdí eyín? Àyẹ̀wò tí kò bá lè dáhùn ìyẹn kò tíì tó gbé jáde.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń wo ọ̀pọ̀ purotéènì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹyọ kan, tí àwọn mìíràn sì ń wo bí ṣúgà ṣe lẹ̀ mọ́ purotéènì dípò iye purotéènì náà. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́ jù, nítorí bí itọ́ bá nípọn tàbí tó ṣàn, ìdá tó ní ṣúgà lára kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Kí ló kan àwa tí ẹ̀jẹ̀ wa jẹ́ AS tàbí SS?

Ó kàn wá gan-an, ibí sì ni mo ní mo máa dé.

Gbogbo ìṣirò A1C dúró lórí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 10 sí 20 ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń lò. Káàdì tí wọ́n ń fà ya kí oṣù tó parí, kí ni a fẹ́ kà nínú rẹ̀? A1C rẹ̀ á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà rẹ̀ lè wà lókè. Ẹni tó ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ náà, apá kan káàdì rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn.

AS kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ láàárín wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2017, ìwádìí kan láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ṣúgà ẹni méjì bá rí bákan náà, A1C ti ẹni tó jẹ́ AS máa ń fi nǹkan bí 0.3 kéré. 0.3 dà bí ohun kékeré, àfi bí ènìyàn bá wà ní 6.6 tí ìwé rẹ̀ wá ń kà á ní 6.3. Ní ọdún kan náà, ìwádìí mìíràn rí i pé àbùdá àjogúnbá kan tó ń jẹ́ G6PD, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá náà ń fa A1C wálẹ̀. Wọ́n ṣírò pé bí wọ́n bá ń fi A1C nìkan wò, nǹkan bí 650,000 adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ní àtọ̀gbẹ lè lọ láìmọ̀.

Purotéènì itọ́ kò gbé inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Kò kàn án bóyá sẹ́ẹ̀lì lo ọjọ́ 120 tàbí 15. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tí káàdì orí itọ́ máa ṣe lóore jù, màá ní kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà. Àwa tí A1C ń ṣì kà ni. Ó wá ku kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá sí Ìbàdàn, sí Kútọnu, sí ibi tí AS àti SS pọ̀ sí, kí wọ́n gba itọ́ wa. Ohun tí wọ́n bá rí ní Hyderabad kò tíì di òótọ́ fún ẹnu tiwa títí wọ́n á fi wò ó.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá jẹ́ SS kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa fructosamine, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi A1C nìkan tù ú nínú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe A1C, ẹ kọ́kọ́ sọ jẹnotáìpù yín fún wọn.

Aago àti òrùka tí wọ́n ń polówó ńkọ́?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń sọ pé òun lè dá wọn ṣúgà láìfi nǹkan gún awọ. Kò sí ọ̀kankan, orúkọ yòówù tí wọn ì báà kọ sí i. Google pàápàá kéde lẹ́ǹsì ojú kan ní ọdún 2014 tó máa ka ṣúgà nínú omijé, owó àti ọgbọ́n wà níbẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún 2018 wọ́n dá a dúró nítorí ṣúgà omijé kò bá ti ẹ̀jẹ̀ mu tó.

Ẹ má fi èyí wé ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, irú bíi FreeStyle Libre. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ abẹ́ awọ, omi tó wà láàárín ẹran ara ló ń kà, ó sì máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rẹ̀yìn sí ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ wa nílé kò lè máa rà á léraléra.

Kí ni ká ṣe báyìí?

Ká lo mítà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé mítà àwọn ń parọ́, ọwọ́ wọn ló ń parọ́ fún mítà. Ní Japan, ní ọdún 2011, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn bó ọsàn, gírépù àti kíwì, kí wọ́n sì gún ìka náà láìfọwọ́. Nọ́ńbà fò sókè. Wọ́n fi òwú ọtí nu ìka, ó ṣì ń fò, kódà nígbà tí wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀marùn-ún. Omi lásán ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ tí ó fi padà sí òótọ́. Ẹ wá ronú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá máńgòrò tán.

Ẹ fi omi fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá, nítorí omi tó kù lára ìka ń bu omi la ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe orí rẹ̀ tó ń kan nǹkan. Ẹ má fún un kíkankíkan. Ẹ pa ìdérí agolo sítírípù dé lọ́gán, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹni jẹ́ ti ẹni, kì í ṣe ohun tí tọkọtaya ń pín lò.

Ẹnu náà kò yẹ ká pa á tì nítorí pé itọ́ kò tíì di mítà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ti ń rin ín, kí ó lọ rí dókítà eyín, kí ó sì sọ fún un pé òun ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in, tí ìdí eyín rẹ̀ ń wú léraléra láìnídìí, kí ó ní kí wọ́n wo ṣúgà òun, láti inú ẹ̀jẹ̀.